Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Ọmọ Ti Fi Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ owó ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí.

Ìyá kan nínú ìjọ wa, opó tí ń yan ẹja tà ní Ayétòrò, fi ọmọbìnrin rẹ̀ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan lókè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ọ́fíìsì. ₦180,000 ni owó ọdún kan. Ìyá san ìdajì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni òkun gbé ahéré tí ó ti ń yan ẹja lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì dá sílẹ̀ ní 1947, ẹ mọ̀ pé ohun tí òkun bá gbé níbẹ̀, kì í dá a padà. Ọmọ di ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìgbókọ̀dá, ó wálé. Kò kọ lẹ́tà, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ó lọ gba ìwé ẹ̀rí WAEC rẹ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní kò ní rí i gbà, àfi bí ó bá san ₦90,000 tí ó kù.

Nígbà tí ìyá náà tọ̀ wá wá, ohun tí a kọ́kọ́ sọ kò dára tó. A ní, "Ìyá, ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Ó wò wá títí. Ó ní, "Pásítọ̀, mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìwé ọmọ mi ni mo wá bá yín sọ." Ojú tì wá. A ní kí ó kó gbogbo ìwé tí ó ní wá.

Rísíìtì méjì ni, àti fọ́ọ̀mù tí ọmọ fọwọ́ sí. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé owó tí a bá ti san, wọn kì í dá a padà. Ẹ wò ó dáadáa o: ọ̀tọ̀ ni kí a má dá owó tí a ti san padà, ọ̀tọ̀ ni kí a máa béèrè owó ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́. Fọ́ọ̀mù náà kò sọ ti èkejì rárá. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó dáàbò bo oníbàárà, ti 2018, ní abala 120, gbà kí ènìyàn fagi lé iṣẹ́ tí ó ti bẹ̀ sílẹ̀, kí olóhun sì gba owó ìfagilé tí ó bójú mu. Abala 127 lòdì sí àdéhùn tí ń rẹ́ oníbàárà jẹ. Àjọ FCCPC ni a ń gbé irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lọ bá. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè gba ìmọ̀ràn ní ọ́fíìsì Legal Aid Council ní Àkúrẹ́.

Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ ni ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, a kò sì fẹ́ fo Kọ́ríńtì Kìíní orí 6 dá. A kọ lẹ́tà sí i, a ní kí pásítọ̀ tirẹ̀ jókòó pẹ̀lú wa. Òun náà ní ọ̀rọ̀ sọ: ó ti gba olùkọ́, ó ti yá ilé, àyè ọmọ wa ṣófo títí ọdún fi parí, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni ẹ̀bi tiwa wà. Lẹ́tà ìlà mẹ́ta tí déètì wà lórí rẹ̀, tí ọ́fíìsì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà rẹ̀, ì bá ti dá ìṣirò dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. (Bí ọmọ yín bá fẹ́ kúrò ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ lónìí, ẹ má dúró de ìparí ààwẹ̀.)

Ìgbà kejì tí a jókòó ni ó gbà pé òun kò ní béèrè owó sáà kejì mọ́. Ìyá gbà láti san ₦15,000 owó hóstẹ́lì tí ó kù, ní ìgbà mẹ́ta. A kò béèrè pé kí wọ́n dá nǹkan padà nínú èyí tí a ti san. Àwọn kan nínú ìjọ bínú sí wa nítorí èyí, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tó ₦90,000. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre.

A kọ àdéhùn náà sílẹ̀, gbogbo wa fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbé ìwé WAEC lé ọmọ lọ́wọ́ lójú wa. Ó fi í sínú ọ̀rá méjì kí omi má baà kàn án, ó sì gbá a mọ́ àyà títí a fi dé èbúté Ìgbókọ̀dá.