Ilẹ̀ Olómi Kọ́ Ni Ilẹ̀ Sókàwé

Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra nínú oṣù Òkúdù, ọ̀pọ̀ onílé l'Ékòó ló máa ń rí i pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn kò fa omi mọ́. Wọ́n á ní sókàwé ti kún, wọ́n á ránṣẹ́ pe ọkọ̀ tó máa wá fà á, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún fi kún. Kì í ṣe pé ará ilé pọ̀ jù. Omi abẹ́ ilẹ̀ ló gòkè wọ inú sókàwé. Bí òjò bá sì dá, tí omi náà padà lọ sílẹ̀, kò lọ lọ́wọ́ òfo: ìgbẹ́ ló kó dání, kànga àdúgbò ló sì ń gbé e lọ.

Sókàwé kò burú níbi tó yẹ ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí omi ìgbẹ́ máa sẹ́ gba inú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, kí kòkòrò inú rẹ̀ kú kó tó kan omi tí à ń mu. Ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ aláàánú káàkiri ayé ń lò, ní kí ihò ìgbẹ́ fi mítà 30 jìnnà sí kànga, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi mítà kan ààbọ̀ ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ẹ wá fi èyí wọn háàfù pulọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú, 60 lóròó. Bí kànga bá wà ní igun kan, tí sókàwé wà ní igun tó kọjú sí i, àárín wọn kò tó mítà 26. A ò tíì ka sókàwé ọ̀tún, tòsì àti tẹ̀yìnkùlé. Kò sí bíríkìlà tó lè fi ọgbọ́n orí fẹ ilẹ̀ yẹn. Ẹni tó ní òun ń se omi òun kóun tó mu ún ṣe dáadáa, àmọ́ iná ń pa kòkòrò ni, kì í mú nítíréètì tó ti ara ìtọ̀ wá kúrò, ọmọ ìkókó ni ìyẹn sì máa ń ṣe ní jàǹbá jù.

Lójú tèmi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbígbẹ tí a kọ́ sókè ilẹ̀ ló tọ́ sí irú ibẹ̀. Yàrá búlọ́ọ̀kù kékeré méjì ni, a fi kọnkéré tẹ́ ìsàlẹ̀ wọn kí omi má bàa wọlé, àtẹ̀gùn la sì fi ń gun ibi ìjókòó. Iwájú ìjókòó ń gba ìtọ̀ lọ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ̀yìn ń gba ìgbẹ́. Ẹni tó ń fi omi ṣe ìmọ́tótó ní ibi tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí omi má kán sórí ìgbẹ́. A kì í ṣan án. Eérú tàbí eruku pákó láti sọ́mìílì la ń bù lé e. Bí yàrá kìíní bá kún, a ó dí i pa, a ó bọ́ sí èkejì. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2006, ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ó gbọ́dọ̀ wà ní dídí ju ọdún kan lọ. Ẹyin aràn ló fa sùúrù yìí, torí pé òun ló ń kú kẹ́yìn. Ohun tí a ó kó jáde nígbà náà dà bí ilẹ̀dú. Àwọn àgbẹ̀ Fẹtinámù ti ń fi irú rẹ̀ ṣe ajílẹ̀ láti àwọn ọdún 1950, àwa náà sì mọ bí ẹ̀fọ́ orí ààtàn ṣe máa ń dúdú tó.

Àwọn kan á ní yóò máa rùn. Ìgbẹ́, ìtọ̀ àti omi tó pò pọ̀ ló ń mú òórùn wá. Èyí tí a fi eérú bò gbẹ. Àwọn mìíràn á ní a fẹ́ dá ìtìjú agbépòó padà. Ìgbẹ́ tútù ni agbépòó ń rù o, kì í ṣe èyí tó ti sinmi ju ọdún kan lọ. Ṣé ti òde òní wá mọ́ jù ni? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ìddó ni ọkọ̀ ti ń da ìgbẹ́ Èkó sínú ọ̀sà tí a ti ń pẹja.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó ní èèyàn kì í fẹ́ kó ìgbẹ́ ara rẹ̀, ká má tíì sọ ti ayálégbé mìíràn. Òótọ́ ni. Lẹ́yìn kọ́lẹ́rà ọdún 2000, ìjọba ìlú Durban ní Gúúsù Áfíríkà kọ́ irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yìí tó ju 70,000 lọ, síbẹ̀ inú ọ̀pọ̀ àwọn tó gbà á kò dùn sí i, torí pé ọrùn wọn ni iṣẹ́ kíkó rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ló ti yẹ ká kọ́gbọ́n. Ní Cap-Haïtien ní orílẹ̀-èdè Háítì, àjọ SOIL ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìdílé, òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wá gbé garawa ìgbẹ́, wọ́n sì ń kó o jọ síbi kan títí tí ooru yóò fi sọ ọ́ di ajílẹ̀. Onílé tó ń dá gbé lè ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé tí yàrá kojú yàrá, tí ìdílé mẹ́wàá ń gbé, kò lè ṣe é láìsí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ló sì yẹ kó gbà wọ́n síṣẹ́, bí a ṣe ní àwọn tó ń kó pàǹtí.

Ẹni tó fẹ́ kọ́lé lọ́dún yìí kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ èyí tó yẹ ilẹ̀ rẹ̀. Kó gbẹ́ ihò kan nígbà òjò, kó sì wò ó lọ́jọ́ kejì. Bí omi bá ti yọ kí ihò náà tó jìn tó ìdúró ènìyàn méjì, kò sí àyè fún sókàwé níbẹ̀.