Kí ìjọba tó tún bu owó lé epo, kó kọ́kọ́ dín ìnákúnàá tirẹ̀ kù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òwe yìí ló bá ọ̀rọ̀ owó orí mu lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà lónìí. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú fọwọ́ sí lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹwàá, ọdún 2024, tí wọ́n ti gbé àbá rẹ̀ lọ síwájú àwọn aṣòfin ni awuyewuye ti ń lọ lọ́tùn-ún lósì. Bí àwọn kan ṣe ń sọ pé owó tó ń wọlé fún ìjọba ló kéré jù, bẹ́ẹ̀ làwọn mìíràn ń sọ pé kì í ṣe pé owó kò sí, ìnákúnàá ló pọ̀ jù.

Ká sọ tòótọ́, kò sí èyí tó ń parọ́ nínú ìhà méjèèjì. Lóṣù keje, ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kó di mímọ̀ pé láàárín oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ ọdún náà, tírílíọ̀nù 1.63 náírà ló wọlé fún òun, àmọ́ tírílíọ̀nù 1.94 náírà lòun ná lórí gbèsè àti èlé. Ìtumọ̀ èyí ni pé kí wọ́n tó san owó oṣù òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n tó ra òògùn ibà kan sí ilé ìwòsàn, owó ti tán nílẹ̀, wọ́n sì tún ti wọ gbèsè mìíràn. Ìlú tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́ kó tó dá wó. Ẹni tó bá sì ń sọ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni san owó orí rárá, kò fẹ́ràn ìlú.

Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú òfin tuntun náà ló burú. Òfin náà yọ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju 800,000 náírà lọ kúrò lára àwọn tí yóò san owó orí. Kò gba owó orí ọjà, ìyẹn VAT, lórí oúnjẹ tí aráàlú ń jẹ lójoojúmọ́, owó ilé ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú ìlera. VAT yìí kan náà, tó jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó sọ ọ́ di méje àbọ̀ lóṣù kejì, ọdún 2020, ni àbá àkọ́kọ́ fẹ́ gbé dé ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí di ọdún 2030. Àwọn gómìnà kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣèpàdé lóṣù kìíní, ọdún 2025, ó sì dúró síbi tó wà. Ẹni tó bá ṣe dáadáa, ó yẹ ká yìn ín.

Àmọ́ ohun kan wà tó ń kọ àwọn tó ń fọkàn bá ọ̀rọ̀ náà lọ lóminú. Bí ẹ bá wo ìjà tí àwọn olóṣèlú jà lórí àbá òfin yìí fún odindi oṣù mẹ́jọ, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ pínpín ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn gómìnà ilẹ̀ Hausa pàdé ní Kàdúná lóṣù kẹwàá, ọdún 2024, wọ́n ní àwọn ò fara mọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ pín VAT. Àwọn ti apá ìhín ń sọ pé níbi tí wọ́n bá ti ná owó ni kí owó padà sí. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fẹnu kò sí i pé kí ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ọgbọọgba fún gbogbo ìpínlẹ̀, kí ìdá ọgbọ̀n lọ síbi tí wọ́n ti ra ọjà, kí ìdá ogún sì tẹ̀lé iye èèyàn. Wọ́n jà lórí ẹni tí yóò bu èyí tó tóbi jù. Díẹ̀ péré nínú wọn ló béèrè pé báwo la ṣe máa dín iye tí ìjọba ń jẹ kù.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé wọn ò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ààrẹ àná, Goodluck Jonathan, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lọ́dún 2011, ó fi Ọ̀gbẹ́ni Stephen Oronsaye ṣe alága rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jábọ̀ lóṣù kẹrin, ọdún 2012, wọ́n ní àwọn àjọ àti ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí àwọn rí lé ní 500, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Wọ́n dámọ̀ràn pé kí àwọn àjọ tí òfin dá sílẹ̀, tó jẹ́ 263, wálẹ̀ sí 161: kí wọ́n pa 38 rẹ́, kí wọ́n da 52 pọ̀ mọ́ ara wọn, kí wọ́n sì sọ 14 di ẹ̀ka lábẹ́ ilé-iṣẹ́ mínísítà. Ìjọba mẹ́ta ló ti jókòó lórí ìwé yìí. Lóṣù kejì, ọdún 2024, ìjọba Tinúbú kéde pé àwọn ti ṣetán láti mú un lò. Inú aráàlú dùn. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún tí wọ́n sọ ọ́ gan-an, wọ́n tún dá ilé-iṣẹ́ mínísítà tuntun sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ ìdàgbàsókè tuntun sílẹ̀ fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, títí kan apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù. Ọwọ́ ọ̀tún ń gbálẹ̀, tòsì ń da ìdọ̀tí sí i.

Ti àwọn àjọ ṣì kéré. Mínísítà 45 ni ààrẹ búra fún lóṣù kẹjọ, ọdún 2023, nígbà tó jẹ́ pé 36 ni Mùhámmádù Bùhárí fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015. Ọdún 2023 yìí kan náà làwọn aṣòfin àpapọ̀ ra ọkọ̀ jíìpù fún ara wọn, tí ìròyìn sọ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 160 náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba 70,000 náírà, tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lọ, yóò ṣiṣẹ́ fún 190 ọdún láìjẹ láìmu kó tó lè ra ẹyọ kan. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nínú ètò ìṣúná ọdún 2024 lé ní 340 bílíọ̀nù náírà. Lóṣù kẹjọ, ọdún 2024, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwọ́de lórí ebi, ni ọkọ̀ òfurufú tuntun gúnlẹ̀ fún ààrẹ.

Lóòótọ́, ààrẹ pàṣẹ lóṣù kìíní, ọdún 2024, pé kí iye àwọn tó ń bá òun rìnrìn àjò dín kù gan-an, ó sì tún pàṣẹ lẹ́yìn náà pé mínísítà kankan kò gbọ́dọ̀ ju ọkọ̀ mẹ́ta lọ. Ìyẹn dára. Àmọ́ àṣẹ tí aráàlú kò rí àbájáde rẹ̀ lákọsílẹ̀, bí ẹni sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ ni.

Àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba máa ń sọ pé tí wọ́n bá tilẹ̀ gba gbogbo jíìpù lọ́wọ́ àwọn aṣòfin, tí wọ́n sì ta ọkọ̀ òfurufú ààrẹ, owó náà kò ní tó nǹkan kan nínú ètò ìṣúná tó jẹ́ tírílíọ̀nù 54.99 náírà lọ́dún 2025. Wọ́n tún ní tí wọ́n bá pa àwọn àjọ rẹ́, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n wọ́n lè kó òṣìṣẹ́ láti àjọ kan lọ sí òmíràn láìlé ẹnikẹ́ni. Alága, ìgbìmọ̀ olùdarí, ọkọ̀ àti ilé tí wọ́n ń háyà ni kò yẹ kó jẹ́ méjì méjì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà ju iye owó lọ. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Kò sẹ́ni tó máa ń fayọ̀ pọnmi sínú apẹ̀rẹ̀ ajádìí.

Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá fi èyí hàn kedere. Lọ́dún 1947, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, dìde lòdì sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, Aláké sì fi ìlú sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀. Lọ́dún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ tí a mọ̀ sí Agbẹ́kọ̀yà kọ̀ láti san owó orí tó ń ga sí i nígbà tí ọ̀nà oko wọn ò ṣeé rìn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sì ń kówó jẹ. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín owó náà kù sí pọ́n-ùn méjì.

Àmọ́ apá kejì ìtàn náà wà, òun ló sì yẹ kí ìjọba mú lò. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n bu owó lé aráàlú lórí, inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹgbẹ́ Action Group sì fìdí rẹmi ní Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Lóṣù kìíní, ọdún 1955, ilé ẹ̀kọ́ ṣílẹ̀kùn, àwọn ọmọ tó wọlé sì lé ní 800,000. Nígbà tó di ọdún 1956, ẹgbẹ́ yìí kan náà ló wọlé ìdìbò ẹkùn. Owó tí àwọn òbí bínú sí lánàá, nígbà tí wọ́n rí ọmọ wọn pẹ̀lú síléètì lọ́wọ́, wọ́n mọ ohun tí wọ́n fi ṣe.

Ẹni tí ìtàn àtijọ́ ò bá tó, kó wo Kẹ́ńyà. Lóṣù kẹfà, ọdún 2024, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ya wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nítorí àbá owó orí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló lọ sí i. Ọjọ́ kejì ni Ààrẹ William Ruto fà sẹ́yìn. Nígbà tí oṣù keje wọlé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kéde pé òun yóò pa ilé-iṣẹ́ ìjọba 47 rẹ́, òun yóò dín àwọn olùdámọ̀ràn kù sí ìlàjì, òun kò sì ní ra ọkọ̀ tuntun fún ọdún kan. Ìbéèrè tí gbogbo ayé bi í ni pé, kí ló dé tí kò fi ìwọ̀nyí ṣíwájú?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí Àbújá dáhùn báyìí, nítorí owó kan ṣì wà nínú òfin tuntun náà: ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí epo bẹntiróòlù àti dísù. Kẹrosíìnì àti gáàsì ìdáná kò sí lára rẹ̀. Ìjọba ní kì í ṣe ohun tuntun, pé ó ti wà nínú òfin ìtọ́jú ọ̀nà láti ọdún 2007, àti pé ọ̀nà ni wọn yóò fi tún ṣe. Òfin sọ pé kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí mínísítà fún ètò ìṣúná bá pàṣẹ rẹ̀ nínú ìwé ìkéde ìjọba. Epo tí jálá rẹ̀ kò tó 200 náírà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ lóṣù karùn-ún, ọdún 2023, ti kọjá 1,000 náírà nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, ọdún 2024. Tí wọ́n bá tún fi ìdá márùn-ún lé epo, awakọ̀ Ìbàdàn sí Èkó yóò fi kún owó ọkọ̀, aláta ní Bódìjà yóò fi kún owó tòmátì, ẹni tó ń gba 70,000 náírà ni yóò sì san gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ tí òfin ní kò ní VAT yóò gba ojú ọ̀nà wọ́n padà.

Nítorí náà, mínísítà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àṣẹ yẹn títí ìjọba yóò fi ṣe ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí wọ́n tẹ orúkọ àjọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti pa rẹ́ tàbí tí wọ́n ti dà pọ̀ jáde láti ìgbà tí wọ́n ti kéde ìmọ̀ràn Oronsaye, àti iye tí wọ́n rí fi pamọ́. Èkejì, kí wọ́n má dá àjọ tuntun kankan sílẹ̀ mọ́ láìpa ògbólógbòó rẹ́. Ẹ̀kẹta, kí àwọn aṣòfin gbé ìnáwó tiwọn jáde níkọ̀ọ̀kan, kí aráàlú lè kà á. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn gómìnà pẹ̀lú, nítorí owó tó ń wọ àpò wọn láti Àbújá ti pọ̀ sí i gan-an lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo.

Aráàlú náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹni tó lè san owó orí kó san án, kó sì béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Ṣùgbọ́n olórí ló yẹ kó kọ́kọ́ bu oúnjẹ tirẹ̀ kù lójú gbogbo ilé. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, tó wá ní kí àwọn yòókù mú díẹ̀ wá, kò sẹ́ni tí yóò ru igbá fún un tipátipá.