Ẹ Má Fi Ọtí Lọ̀ Ọ́ Mọ́

Ẹ̀yin òbí wa nílẹ̀ òkèèrè, bí ẹnì kan bá kọ ọtí lóde ìsọmọlórúkọ, ẹ má ṣe bi í léèrè ìdí. Òùngbẹ ọtí a máa dé bá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ bí ìjì. Bí ó bá jẹun tàbí tí ó rìn jáde díẹ̀, ìjì náà sábà máa ń rọlẹ̀ kí ìṣẹ́jú 30 tó pé. Àwa tí a ń ti ife bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni kì í jẹ́ kí ó rọlẹ̀.

Ẹni tí ń mu àmupara lójoojúmọ́ ní láti kọ́kọ́ rí dókítà, nítorí bí ó bá ṣàdédé ṣíwọ́, gìrì lè mú un.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ titun wọ́. Ẹ gbé omi èso síwájú rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́.