Ojú Kọ̀ǹpútà Kì í Là Lójijì

Bí iná bá dé ní Fate lálẹ́, igbe ayọ̀ á ta láti ilé dé ilé. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ iye tí ó ra fíríìjì rẹ̀ kì í sáré tàn án lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ sítébíláísà tilẹ̀ máa ń dúró díẹ̀ kí ó tó gbé iná jáde, a kì í sì bá a jà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká nìkan ni a kì í ní sùúrù fún. Bí ojú rẹ̀ bá dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ìka wa ti dé orí bọ́tìnì.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, òkùnkùn kékeré yẹn kì í ṣe àbùkù. Nǹkan mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ dé ojú kọ̀ǹpútà kí a tó rí àwòrán, wọn kò sì gbọdọ̀ dé pọ̀. Agbára iná tí ojú náà fúnra rẹ̀ ń lò ni yóò kọ́kọ́ wọlé, àmì àwòrán yóò tẹ̀ lé e, iná ẹ̀yìn tí ó ń mú kí a rí ohun tí a ń wò yóò sì dé kẹ́yìn. Bí a bá ń pa á, èyí tí ó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ jáde. Bí àmì àwòrán bá ṣáájú agbára iná, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ inú ẹ̀rọ tí kò tíì jí, kí ó sì bà á jẹ́. Bí iná ẹ̀yìn bá ṣáájú àwòrán, ràdàràdà ni yóò kọ́kọ́ tàn sí wa lójú.

Ta ni ó ń ṣọ́ àkókò wọ̀nyí? Ètò tí ó ń darí àwòrán ni, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní driver. Ti Linux fún ẹ̀rọ àwòrán Intel, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ i915, wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà, títí kan akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Tanke. Ẹni tí ó ṣe kọ̀ǹpútà ni ó máa ń kọ iye àkókò tí ojú rẹ̀ nílò sínú rẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́, driver ní iye tirẹ̀ nípamọ́: ìdá 210 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan kí ojú náà tó jí, àti ìdá 50 kí iná ẹ̀yìn tó tẹ̀ lé àwòrán. Èyí tí ó gùn jù ni ìsinmi tí ó wà láàárín pípa àti títàn padà, kí iná tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè ṣàn tán.

Ìsinmi yìí ni ó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà Toshiba kan, Satellite P50-C, ìdá 500 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, ìyẹn ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ á kọ̀, kò ní jí. Àwọn tí ń kọ driver rí i pé bí àwọn bá fún un ní 800, ìṣòro náà kì í wáyé mọ́. Oorun rẹ̀ ni kò tó.

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ojú rẹ̀ ti kú, kí n lọ wá owó ojú tuntun.” Ohun tí àbúrò mi kan sọ lórí fóònù lóṣù tó kọjá nìyẹn, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sì wà nínú ẹ̀rọ náà. Mo ní kí ó pa á pátápátá, kí ó yọ wáyà iná, kí ó ka ení, èjì, títí dé ogún, kí ó tó tàn án. Ó là.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò là bẹ́ẹ̀. Bí ó bá di dandan kí a pààrọ̀ ojú, ẹ kọ́kọ́ bi atúnkọ̀ǹpútàṣe bóyá ó ti yọ wáyà bátìrì. Inú ni bátìrì ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní ń gbé. Pípa á lórí bọ́tìnì nìkan kò tó. Bí ó bá ki wáyà ojú tuntun bọ̀ ọ́ nígbà tí iná ṣì wà níbẹ̀, fíúsì kékeré tí ń ṣọ́ iná ẹ̀yìn lè jó, ojú tuntun náà á dúdú, wọn á sì ní kí ẹ tún ra òmíràn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí lábẹ́ òkùnkùn náà, ojú yẹn wà láàyè. Fíúsì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó náwó.