Gírámà Nìkan Kò Tó Dá Ẹjọ́

Sí Olóòtú,

Òǹkọ̀wé yín ní bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti fi "and" so ọ̀rọ̀ àpèjúwe méjì pọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ kan, àfi kí ohun náà ní àbùdá méjèèjì. N kò gbà.

Ẹ wo "primary and secondary schools". Ta ló rò pé ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló jẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó tún jẹ́ girama? Ṣùgbọ́n tí a bá ní "a kind and patient teacher", olùkọ́ kan náà ló ní inú rere tó sì ní sùúrù. "And" kan náà ni. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń darí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Láti 1791 ni àtúnṣe kẹjọ sí òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà ti ka ìyà tó bá jẹ́ "cruel and unusual" léèwọ̀, ìyẹn ìyà ìkà tí kò wọ́pọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Michigan, wọ́n ká kokéènì gíráàmù 672 mọ́ Ronald Harmelin lọ́wọ́. Kò dẹ́ṣẹ̀ irú rẹ̀ rí, síbẹ̀ òfin ní dandan ni ẹ̀wọ̀n gbére láìsí ìdásílẹ̀. Ní 1991, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, adájọ́ 5 sí 4. Adájọ́ Scalia kọ ọ́ pé irú ìyà bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ti ìkà, àmọ́ kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn ilẹ̀ wọn. Ó tán.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òfin kan náà dé iwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Michigan. "Cruel or unusual" ló wà nínú òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n wọ́gi lé apá tó ní kí wọ́n má dá ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láé.

Òǹkọ̀wé yín lè ní ẹ̀rí òun nìyẹn. Rárá o. Ẹni tó ka "cruel and unusual" sí oríṣi ìyà méjì, bí a ṣe ń ka "primary and secondary", kò ṣi gírámà lò. Níbi tí gírámà bá ti la ọ̀nà méjì, ohun tí òfin wà fún ló yẹ kí adájọ́ wò, òfin yìí sì wà láti gba ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́wọ́ ìkà ìjọba.

Abala 34 òfin ìpìlẹ̀ wa ti 1999 sọ tirẹ̀ gedegbe: "inhuman or degrading treatment". Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa máa kọ̀wé báyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún òfin gírámà yẹn ṣe nínú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀, nítorí àwọn ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún WAEC ń kà á.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan,
Ìbàdàn