Lẹ́tà méjì tí ó yẹ kí a kà kí ìgbéyàwó tó dé

Láyé àtijọ́, ìdílé kan kì í fi ọmọ wọn fún ọkọ láìṣe ìwádìí. Alárinà a lọ, a bọ̀. A béèrè bóyá wèrè, ẹ̀tẹ̀ tàbí gbèsè wà nínú ìdílé náà. Àṣà yìí dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ojú alárinà kò lè rí: ẹ̀jẹ̀. Lójú tèmi, ó tó àkókò kí a fi ẹ̀jẹ̀ kún ohun tí a ń wádìí.

Kí ni ẹ̀jẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ inú àgbàlagbà tó nǹkan bí lítà 5. Ohun tí ó ju ìdajì rẹ̀ lọ jẹ́ omi tí ń gbé oúnjẹ kiri ara. Àwọn hóró tí ojú lásán kò lè rí wà nínú omi náà. Hóró pupa ń gbé afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Hóró funfun ń bá àrùn jà. Àwọn hóró wẹ́wẹ́ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́.

Hóró pupa tí ó dára rí roboto, ó sì rọ̀. A máa lo nǹkan bí ọjọ́ 120. Ṣùgbọ́n lára àwọn ọmọ kan, hóró náà a tẹ̀ bí dòjé, a le, a sì há sínú iṣan tín-ín-rín. Kì í sábà lò ju ọjọ́ 20 lọ. Ìdí nìyí tí egungun fi ń ro ọmọ náà, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í fi í tó. Àrùn náà ni àwọn dókítà ń pè ní drépanocytose. Àwọn mìíràn ń pè é ní fòníkú-fọ̀la-dìde.

Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ti pè ní àbíkú. A sọ wọ́n ní Málọmọ́, a fi abẹ ṣá wọn lára, a sì di ẹ̀bi ru ìyá wọn. N kò bú àwọn baba wa. Àìsàn náà ni wọ́n rí. Wọn kò ní ohun tí wọ́n lè fi wo inú ẹ̀jẹ̀. Àwa ní in.

Àyẹ̀wò náà ni électrophorèse. Lẹ́tà méjì ni yóò wà nínú èsì rẹ̀: a gba ọ̀kan lọ́wọ́ baba, a gba èkejì lọ́wọ́ ìyá. Wọn kì í ṣe A, B tàbí O tí ó ń sọ irú ẹ̀jẹ̀ tí a lè gbà. Ẹni tí ó jẹ́ AA kò ní S láti fún ọmọ. Ẹni tí ó jẹ́ AS kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó lè fún ọmọ ní S. Ẹni tí ó jẹ́ SS ni àrùn náà ń bá jà. Lẹ́tà C náà wà ní ilẹ̀ wa, SC pẹ̀lú sì ń ṣàìsàn. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Baba àti ìyá ni wọ́n jọ fún un; ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ìyá nìkan.

Ẹlòmíràn yóò ní ìfẹ́ kò mọ lẹ́tà. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ olólùfẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ ni mo wí, kí wọ́n sì jọ pinnu. Ọmọ tí ó ti ní àrùn náà kì í ṣe àbíkú. Kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, kí a sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ara rẹ̀ bá gbóná. Bí a bá tọ́jú rẹ̀, ó lè dàgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà, ẹ ti fara da wàhálà kí ẹ tó mọ gbogbo lẹ́tà wa. Méjì péré ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kà sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yín kà á kí wọ́n tó gbé ìyàwó. Òkèèrè ni olójú-jínjìn ti ń mú ẹkún sun.