Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ẹ̀kọ́ tí Wáyà Abẹ́ Òkun Kọ́ Wa

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast. Lọ́jọ́ náà gan-an, iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ní etíkun, ṣùgbọ́n ohun tó bá já nínú òkun lè dá ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà dúró. Láyé àtijọ́, òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi pé. Lónìí, onígbèsè lè sọ pé òun ti fi owó ránṣẹ́, kí ó jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ kí owó náà má wọlé.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe ètò tó gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ró ní cloud, ìyẹn ìkúùkù. Orúkọ lásán ni, kò sí ohunkóhun lójú ọ̀run. Kọ̀ǹpútà ńláńlá ni, tí a tò sínú ilé tí iná kò gbọ́dọ̀ kú níbẹ̀, ní Èkó tàbí lókè òkun, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń háyà ààyè lórí wọn. Wáyà fáíbà tí a rì sí ẹ̀gbẹ́ títì àti sí ìsàlẹ̀ òkun ló so wá mọ́ wọn.

Àwọn kọ̀ǹpútà yìí pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè máa tọ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, a ń kọ ìlànà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á sì mú un ṣẹ lórí gbogbo wọn. Bí ọ̀nà kan bá dí, ẹ̀rọ á yà sí òmíràn kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè gba ọ̀nà tí kò sí. Ohun tó ran Nàìjíríà lọ́wọ́ ní 2024 ni pé Glo-1 kò já, bẹ́ẹ̀ ni Equiano, wáyà Google tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, kò já.

Ìlànà tí kò dára náà a máa ràn bí iná ọyẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àṣẹ kan ṣoṣo tí wọ́n pa lásìkò ìtọ́jú ẹ̀rọ já gbogbo ibùdó kọ̀ǹpútà Facebook kúrò lára ara wọn. Ètò tó yẹ kí ó dá àṣẹ náà dúró ní àbùkù. Facebook, WhatsApp àti Instagram kú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà kárí ayé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan aṣáájú nìyí. Kò di dandan kí olórí mọ bí a ṣe ń so wáyà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ béèrè ohun mẹ́ta kí wàhálà tó dé: Ọ̀nà kejì dà? Ta ni yóò yẹ àṣẹ wò kí ẹ̀rọ tó mú un ṣẹ? Níbo ni ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wa wà? Ìbéèrè yìí tọ́ sí Fásitì Iléṣà, ó tọ́ sí ilé ìwòsàn, ó sì tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àṣẹ tó ka ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ mọ́ dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè. Ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí ètò láti fi 90,000 kìlómítà wáyà fáíbà kún èyí tó wà nílẹ̀. Àṣẹ nìkan kò tó. Kí agbaṣẹ́ṣe tó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ó wádìí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí oníṣòwò ní ju báńkì kan lọ, kí ó sì máa kọ ọjà àwìn sínú ìwé. Kí ọ́fíìsì tọ́jú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ sí ibi méjì.

Wáyà yóò tún já lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà tí a bá ti là sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà nìkan ni ẹ̀rọ yóò rí gbà.